Ọkọ̀ Tí Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ń Tì Kì í Ṣe Ọkọ̀ Ọmọ Ìta

Mo mọ̀ pé kò wọ́pọ̀ kí á máa kọ̀wé nípa mọ́tò nínú ìwé ìròyìn ọlọ́dọọdún ẹgbẹ́ wa. Ohun tí ojú wa mọ́ ni oríkì, ìjálá, àṣà ìgbéyàwó, àti bí èdè Yorùbá yóò ṣe di èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ọbaníkòró, ó kan Ṣómólú àti Bàrígà lódindi, àwọn àgbà sì ti dá ẹjọ́ rẹ̀ láìgbọ́ tẹnu àwọn tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kékeré tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń tì í. Wọn kò fẹ́ fi ṣe kábúkábú. Wọn kò sì fẹ́ fi ṣe fáàrí níbi àríyá. Ọkọ̀ wíwà ló wù wọ́n, ó parí.

Ẹjọ́ tí wọ́n ń dá fún wọn kò gùn. “Ọmọ ìta ni.” Bí ọmọ náà bá sì wọ aṣọ tí ó mọ́, a di “ọmọ Yahoo.” Bàbá tí ó ń sọ ọ́ lè máa wa jíìpù ńlá tí ó ń mu epo bí ẹja ṣe ń mu omi, tí òun nìkan sì ń jókòó sínú rẹ̀ láti Anthony dé Erékùṣù Èkó, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló ń fi ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹni ńlá ni, ọkọ̀ ńlá ló yẹ ẹ́. Ọmọkùnrin tí ó fi owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ra BMW kékeré tí kò ní ju ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 lọ ni àwọn ọlọ́pàá yóò dá dúró ní Fádèyí, tí wọn yóò ní kí ó ṣí fóònù rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ohun tí ó lé àwọn ọ̀dọ́ jáde sí ìgboro ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Lára rẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́pàá SARS ń wo ọkọ̀ ọ̀dọ́, wọ́n ń wo irun orí rẹ̀, wọ́n sì ń tibẹ̀ sọ pé olè ni. Ìjọba tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Èrò tí ó bí i kò tí ì tú ká, ilé wa gan-an ló sì ń gbé.

Èrò tèmi ni pé ìfẹ́ ọkọ̀ wíwà kò burú, àti pé ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ yìí pẹ̀lú ọgbọ́n kò fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ewu wà nínú rẹ̀, n óò sì dé ibẹ̀.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń pè ní ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ láìbèèrè ẹsẹ̀ tí ó ń gbé wa lọ. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kéékèèké òde òní, ẹ́ńjìnnì àti gíá wà níwájú lápapọ̀, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa ọkọ̀, òun náà ló sì ń yà á sọ́tùn-ún àti sósì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀lé e ni, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fà lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Nínú irúfẹ́ kejì, ẹ́ńjìnnì sábà máa ń wà níwájú, ṣùgbọ́n irin gígùn kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàfù gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá lọ sẹ́yìn. Òun ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a sì máa ti ọkọ̀ síwájú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wá kù fún ẹsẹ̀ iwájú, èyí ni yíyà.

Ẹni tí kò bá tí ì wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lè ní kí ló wá ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ìyàtọ̀ náà wà lọ́wọ́, ó sì wà nídìí. Stíà rẹ̀ kì í jà mọ́ni lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹ́ńjìnnì tí ń fa ẹsẹ̀ tí ó so mọ́. Bí o bá tẹ iná, ìdí ọkọ̀ yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, ìwúwo rẹ̀ yóò bọ́ sórí ẹsẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ gan-an, yóò sì gbéra bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn. Nínú kọ́nà, wàá ti fi ìdí mọ ohun tí táyà ẹ̀yìn ń rò kí ojú rẹ tó rí i. Ẹni tí ó wa ọkọ̀ tí iwájú ń fà ń pàṣẹ fún ọkọ̀ ni. Ẹni tí ó wa èyí, òun àti ọkọ̀ jọ ń sọ̀rọ̀ ni.

Àwọn tí mò ń sọ gan-an kò ní búùtù tí ó yọ sẹ́yìn. Ìdí wọn gé, gíláàsì ẹ̀yìn sì máa ń ṣí sókè pẹ̀lú ilẹ̀kùn. N óò máa pè wọ́n ní agédìí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Bí àwọn olùkọ́ wa bá rí orúkọ tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fún wa. Ìwúlò agédìí kò fara sin ní Èkó. Ó kúrú, ó ń wọ àárín ọkọ̀ méjì ní àdúgbò tí kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí o bá sì dá àga ẹ̀yìn rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó gba àpótí ìwé tí àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú ń kó kiri.

Ẹni tí ó bá rò pé àjèjì ni ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì nílẹ̀ wa, kí ó bi bàbá rẹ̀ léèrè. Òun ni àwọn bàbá wa fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ìjàpá tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ní ọdún 1975, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ẹ̀yìn náà ló ti ń tì. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún 1975 yẹn kan náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í. Datsun 120Y ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Àwọn ọ̀gá wa ní yunifásítì láyé ìgbà náà, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n fi ń wá kọ́ni. Nígbà tí 504 sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1975, tí Ove Andersson wà á, àti nígbà tí 504 kúpé tún gbà á ní 1978 lọ́wọ́ Jean-Pierre Nicolas, orí amọ̀ àti eruku ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti gbà á, kì í ṣe orí ọ̀dà Yúróòpù. Kò sí ẹni tí ó pe onímọ́tò 504 ní ọmọ ìta nígbà náà.

Agédìí pàápàá wà láàrin wọn: Chevette ti Vauxhall jáde ní 1975, Mazda 323 ní 1977, Starlet ti Toyota, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, ní 1978. Ohun tí ó lé wọn lọ kò le láti mọ̀. Mini tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1959 ti fi hàn pé bí a bá kó gbogbo ẹ̀rọ síwájú, àyè ẹsẹ̀ èrò yóò pọ̀ sí i nínú ọkọ̀ kékeré, nítorí kò ní sí ṣáàfù tí yóò la àárín kọjá. Golf ti Volkswagen gba ọ̀nà kan náà ní 1974. Owó tí wọ́n fi ń ṣe é kéré sí i. Ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà dáadáa kì í sì í tètè ṣìnà nínú òjò. Nígbà tí yóò fi di 1984, Starlet tuntun ti di ọkọ̀ tí iwájú ń fà. N kò lè bá àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ jà. Ọkọ̀ tí a ń fi gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, tí a ń fi ra ata, iwájú ni kí ó máa fà á lọ.

BMW nìkan ni kò gbà. Ní 1994 wọ́n gé ìdí ọkọ̀ wọn kan kúrò, wọ́n pè é ní Compact. Ní 2004 wọ́n mú 1 Series jáde, agédìí ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nà gbalaja níwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì í, wọ́n sì pín ìwúwo rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Láàrin gbogbo agédìí ẹgbẹ́ rẹ̀, òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀lé e ní 2011 tún ń ti ẹ̀yìn. Ní 2019 ni àwọn náà juwọ́ sílẹ̀, tí 1 Series tuntun di ọkọ̀ tí iwájú ń fà. Mercedes náà ṣe ọkan, C-Class onílẹ̀kùn méjì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè, láti 2000 títí di 2008. Nítorí náà, ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó wà nílẹ̀. Ọkọ̀ tí a ń sọ yìí kò ní pọ̀ ju bí ó ti pọ̀ yìí lọ mọ́, àfi bí àwọn oníná mànàmáná bá gba ipò wọn, nítorí ID.3 ti Volkswagen tí ó jáde ní 2020 àti MG4 tí ó jáde ní 2022 tún ti padà sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iná ọba kọ́kọ́ dé Bàrígà ná.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n ń wo àwòrán eléré Jàpáànù máa ń bi mí pé èé ṣe tí a kò rí Corolla AE86 rà, èyí tí wọ́n ṣe láàrin 1983 sí 1987, tí ó ń ti ẹ̀yìn nígbà tí Corolla yòókù ti di fífà. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn wa. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ojú ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Stíà apá ọ̀tún kò bá ojú ọ̀nà wa mu mọ́, Jàpáànù àti Ìlú Ọba sì rèé, stíà apá ọ̀tún ni tiwọn. Àwọn ará Kẹ́ńyà ló ń jẹ ọbẹ̀ yẹn. Tiwa ń ti Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà wá, agédìí 1 Series kò sì dé Amẹ́ríkà rárá, kúpé àti èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí ni wọ́n tà fún wọn níbẹ̀. Yúróòpù nìkan ni ó ti lè wá. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń gba Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọkọ̀ má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, ó di èbúté nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí, “tòkunbọ̀”, ó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ Yorùbá dúró lé e lórí díẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni. Ọmọ tí a bí sẹ́yìn odi, tí a gbé ti òkun bọ̀ wálé, ni à ń sọ ní Adétòkunbọ̀ tàbí Ọlátòkunbọ̀. Orúkọ iyì ni, orúkọ ayọ̀ ni. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn ará Èkó kò pè é ní àlòkù. Wọ́n fún un lórúkọ ọmọ. Ọgbọ́n ọlọ́jà wà níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé Yorùbá kò ka ohun tí ó ti òkun dé sí àjèjì títí láé. Bí ó bá ti wọlé, a sọ ọ́ lórúkọ, ó di tiwa.

Ó sì ti pẹ́ tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹṣin. Ọ̀yọ́ ilé kì í bí ẹṣin tó. Láti òkè lọ́hùn-ún, lọ́wọ́ àwọn Tápà àti Hausa, ni wọ́n ti ń rà á ní owó gọbọi. Bí ẹṣin náà bá sì sọ̀kalẹ̀ wọ inú igbó, eṣinṣin kan wà níbẹ̀ tí ń fi àrùn pa á. Ẹ rò ó wò: ohun olówó iyebíye, tí ó ti ọ̀nà jíjìn dé, tí ilẹ̀ wa kò bá lára mu, tí ẹni tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Ṣé àwọn baba wa torí ìyẹn kọ̀ ọ́? Wọ́n gùn ún lọ sógun, wọ́n gùn ún níbi ayẹyẹ, wọ́n sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Títí di òní, ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin ń jáde, gbogbo ayé sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó mọ ẹṣin gùn. Ọmọ kékeré pàápàá wà lórí ẹṣin níbẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì, ẹṣin náà ni wọ́n ṣì fi ń wọ̀n ọ́n: 116i àkọ́kọ́ ní agbára ẹṣin 115. Ohun tí a yìn lára ẹlẹ́ṣin, kí ló dé tí a fi ń bú onímọ́tò sí i?

Ẹ ó ní owó ń kọ́? Òótọ́ ni pé kò sí ohun tí à ń pè ní pọ́ọ́kú mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì. Kí oṣù kẹta ọdún 2024 tó dé, ó ti kọjá 1,500. Epo bẹntiróòlù tí kò tó náírà 200 kọjá 600 nínú ọdún 2023 náà. Gbogbo ọkọ̀ ló wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi 116i ti ọdún 2006 wé Corolla ọjọ́ orí kan náà, ẹ ó rí i pé ẹni tí ń ta BMW ló ń bẹ oníbàárà. Ẹ̀rù ló sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Àwọn ènìyàn gbà pé ọkọ̀ Jámánì yóò jẹ wọ́n lówó tán, wọ́n sá lọ sídìí Toyota, owó Toyota gòkè, ti èkejì sì wálẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe ló ń jẹ èrè ìpayà yẹn.

Mo bi bàbá mẹkáníìkì kan ní Ṣómólú léèrè. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ̀yin mẹkáníìkì fi ń sá fún BM?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ta ló ń sá? Ọkọ̀ yẹn kì í mú nǹkan mọ́ra ni. Fún Kòrólà ní ọ́ìlì burúkú, á dákẹ́, á fara dà á. Fún BM, á pariwo kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn tó ń wà á ni wọn kì í fẹ́ gbọ́.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn ike tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá a máa gbó, wọ́n a máa là. Ọ́ìlì a máa jò ní orí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò bá tọ́jú owó fún wọn, ó máa fẹsẹ̀ rìn. Èyí tí ń mu dísù nínú 1 Series ti àwọn ọdún 2007 sí bíi 2011 tún ní ìṣòro tirẹ̀: ṣéènì tí ń yí inú ẹ́ńjìnnì wà ní ẹ̀yìn, bí ó bá fẹ́ já, wọ́n ní láti gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sún mọ́ ọn. Ohun kan tún wà tí ń ya ènìyàn lẹ́nu lẹ́yìn tí ó bá ti sanwó tán: púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní táyà àfipamọ́. Táyà líle tí ó lè sáré díẹ̀ láìní afẹ́fẹ́ ni àwọn Jámánì fi sí i, wọ́n sì yọ táyà karùn-ún kúrò. Wọn kò rí kòtò Bàrígà nínú òjò oṣù kẹfà kí wọ́n tó ronú bẹ́ẹ̀.

Lórí táyà, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí nítorí ẹ̀mí ló wà nídìí rẹ̀. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ìparí àmì tí ó fi lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Lọ́dọ̀ àwọn fọ́kanáísà, wọ́n á fi táyà tòkunbọ̀ hàn ọ́ tí ojú rẹ̀ ń dán, tí eyín rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá. Rọ́bà ti le. Nínú ọkọ̀ tí iwájú ń fà, táyà bẹ́ẹ̀ burú. Nínú èyí tí ẹ̀yìn ń tì, bí òjò bá rọ̀ sórí afárá Anthony tí o sì tẹ iná lójijì, ìdí ọkọ̀ lè yí kọjá sí iwájú rẹ. Owó tí o bá fẹ́ fi ra rédíò, fi ra táyà ẹ̀yìn méjì.

Mo ti dé ibi ewu wàyí, n kò sì ní fi bò. Ní òru, nígbà tí ọ̀nà Ìkòròdú bá ṣófo láti Maryland sọ̀kalẹ̀ sí Ọbaníkòró, à ń gbọ́ ohùn àwọn ẹ́ńjìnnì láti orí bẹ́ẹ̀dì wa. Àwọn kan ń sáré. Àwọn kan ń wọ inú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT láti ọdún 2008. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà ní Ọbaníkòró, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń gùn ún, pàápàá jù lọ àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, tí ẹsẹ̀ ti ń ro. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ ṣeré níbi tí ìyá oníyàá ti ń sọdá, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi gbè é. Kì í ṣe olùfẹ́ ọkọ̀ wíwà. Bí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, yóò mọ̀ pé ìgbà tí o mọ ibi tí táyà rẹ ń lọ ni ọkọ̀ ń dùn, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìyẹn nínú òkùnkùn lórí ọ̀dà tí epo ti da sí.

Ṣùgbọ́n níbo ni kí wọ́n lọ? Ìbéèrè mi nìyí sí àwọn tí ń bú wọn. Ọmọ tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, a fún un ní pápá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ eléruku. Ẹ wá gbogbo Ṣómólú àti Bàrígà kiri, ẹ kò ní rí ibi kan tí a là sílẹ̀ tí ọ̀dọ́ lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ kí ó kọ́ bí a ti ń mú un nígbà tí ó bá yọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní Soweto, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi BMW àlòkù yípo bí òkòtó ní àwọn ọdún 1980, níbi òkú àwọn jàǹdùkú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ ju ti Ọbaníkòró lọ fíìfíì. Wọn kò rí i pa. Nígbà tí ó di 2014, àjọ eré ìdárayá ọkọ̀ níbẹ̀ gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí eré ìdíje: ó ní pápá, ó ní òfin, ó ní ògiri láàrin ọkọ̀ àti òǹwòran, àwọn obìnrin náà sì ń wà á. Ọkọ̀ kan náà ni, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan náà. Àyè tí wọ́n fún un ló yí i padà.

Nílé wa níbí, yunifásítì kọ́ ni ó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ojú pópó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ará Ifẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, nígbà tí òkú akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá. Gbàgede ìgbọ́kọ̀sí ilé ẹ̀kọ́ máa ń ṣófo ní ọjọ́ Sátidé. Òpó rọ́bà ogún, omi díẹ̀ lórí ilẹ̀, òṣìṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó méjì, àti mẹkáníìkì kan tí yóò yẹ ọkọ̀ wò kí ó tó wọlé, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eré kíkankíkan kọ́. Ọkọ̀ kò ní sáré ju kìlómítà ogójì ní wákàtí kan lọ. Ẹni tí ìdí ọkọ̀ bá ti yọ̀ mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí ó sì ti mọ bí a ṣe ń dá a padà, kò ní máa wá a kiri ní òru ní Onípáànù.

Ó sì ní ohun tí yóò kan àwa gan-an níbẹ̀. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì láti Ọbaníkòró títí dé ọjà Ládìípọ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń tú ẹ́ńjìnnì. “Ó ti nọ́ọ̀kì.” “Ó ń jẹ ọ́ìlì.” “Gíá rẹ̀ ń bẹ́.” Ọ̀rọ̀ wọn ń lọ geere lórí ohun tí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè wa kò mẹ́nu kàn. Àwa tí à ń jókòó ní kíláàsì láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, a kì í lọ sọ́dọ̀ wọn, nítorí ọwọ́ wọn dọ̀tí. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ bí ọgọ́ta sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tí mo sọ níṣàájú. Nígbà tí mo bi í pé kí ni Yorùbá ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, kò ronú rárá. Ó ní, “Atẹ̀yìntì.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo ti fi lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ gbàgede Sátidé yìí sọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀, tàbí tí ó mọ ẹni tí ó ní, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí sáà yìí tó parí. Atẹ̀yìntì ni o, afàwájú ni o, a ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ ka nọ́ńbà táyà yín kí ẹ tó wá.